Ṣé òótọ́ ni pé fóònù sátẹ́láìtì yóò lé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kúrò nílẹ̀?

Ọmọ Ṣakí

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Fóònù ni mo ń tà ní Ṣakí, mo sì ń tún un ṣe. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn oníbàárà kò yéé bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń gbọ́, pé fóònù yóò máa gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tààrà láti ojú sánmà, tí a kò sì ní nílò òpó tí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ rì sí àárín ìlú mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ń béèrè jù, nítorí pé bí wọ́n bá ti rìn jìnnà díẹ̀ sí ìlú, àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á pòórá lójú fóònù wọn. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ níbẹ̀, tàbí tí àwọn ajínigbé bá yọ sí wọn, kò sí ẹni tí wọ́n lè pè.

Mo ti kà á pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ ti dé ọjà láti ọdún 1998, àmọ́ tí kò rọ́wọ́ mú lọ́dọ̀ ará ìlú. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i nígbà náà? Kí ló yí padà tí ariwo rẹ̀ tún fi gba ìgboro? Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí dé ìdí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lọ́nà tí èmi náà á fi lè ṣàlàyé fún oníbàárà, nítorí n kò fẹ́ ta ìrètí òfo fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnjiníà Òpó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọmọ Ṣakí. Àtúnṣe òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni iṣẹ́ mi, láti Ìbàdàn títí dé Òkè-Ògùn, ìbéèrè yín sì jẹ́ èyí tó yẹ kí a fara balẹ̀ dáhùn.

Ọdún kan náà ni ohun méjèèjì tó ń figa gbága yìí gbérasọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti orílẹ̀-èdè 13 ní Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé ní ìlú Copenhagen pé ìlànà kan ṣoṣo ni àwọn yóò jọ máa lò fún fóònù alágbèéká. Ìlànà náà ni gbogbo wa wá mọ̀ sí GSM. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ẹnjiníà Motorola ní Amẹ́ríkà gbé èrò Iridium kalẹ̀, pé kí wọ́n fi ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì yí ayé ká, kí ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà láti ibikíbi, ìbáà ṣe aginjù, ìbáà ṣe àárín òkun.

Nígbà tí Iridium fi máa ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1998, sátẹ́láìtì 66 ló ń yí ayé po ní nǹkan bí 780 kìlómítà sókè, owó tí wọ́n sì ti ná lé e lórí tó bílíọ̀nù 5 dọ́là. Al Gore, tó jẹ́ Igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ló fi pe ìpè àkọ́kọ́. Fóònù náà wúwo tó nǹkan bí ìdajì kílò, owó rẹ̀ tó 3,000 dọ́là, ìṣẹ́jú kan ìpè sì lè ju dọ́là 3 lọ dáadáa. Kò pé ọdún kan tí iléeṣẹ́ náà fi gba ilé-ẹjọ́ lọ, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1999, láti sọ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. ICO, iléeṣẹ́ sátẹ́láìtì mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣubú ní oṣù kan náà, Globalstar tó ní sátẹ́láìtì 48 sì tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2002. Lásìkò tí èyí ń ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń lo GSM kárí ayé ti kọjá 100 mílíọ̀nù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní owó ló pa á. N kò bá wọn jiyàn, àmọ́ ó yẹ kí a bi ara wa pé kí ló mú kí owó náà ga tó bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì Iridium kan kò lè gbé ju nǹkan bí ìpè 1,100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó ń tan ìgbì rẹ̀ sí fẹ̀ ju gbogbo Nàìjíríà lọ. Òpó GSM, ní tirẹ̀, kò lè dá fóònù tó bá jìnnà ju kìlómítà 35 lọ lóhùn. Ní àárín ìlú, a kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ó ríran ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ. Àìríran-jìnnà yìí gan-an ni agbára rẹ̀. Ìgbì tí òpó kan ń lò ní Mọ́kọ́lá, òpó mìíràn á tún un lò ní Challenge, ọ̀kan kò sì ní dí èkejì lọ́wọ́. Bí èrò bá pọ̀ jù, a ó gbé òpó mìíràn sáàárín wọn. Kànga kan ṣoṣo tí gbogbo agbègbè ń fà ni sátẹ́láìtì. Òpó ni kànga tí agboolé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ìdí kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ, nítorí òun ni yóò dáhùn ìbéèrè yín nípa ọjọ́ iwájú. GSM kì í ṣe ohun ìní iléeṣẹ́ kan. Nokia, Ericsson, Siemens, títí kan Motorola fúnra rẹ̀, ìwé ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń wò ṣe fóònù àti ẹ̀rọ òpó, wọ́n sì ń bá ara wọn du oníbàárà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọdọọdún ni owó fóònù ń wálẹ̀. Ní ti sátẹ́láìtì, oníkálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Fóònù Iridium kò lè bá sátẹ́láìtì Globalstar sọ̀rọ̀, ti Globalstar kò sì lè bá ti Thuraya, iléeṣẹ́ fóònù sátẹ́láìtì mìíràn, sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀kan ti so ara rẹ̀ mọ́ ilé kan ṣoṣo, bí ilé náà bá sì wó, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òkúta. Èrò tèmi ni pé ìlànà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ jọ ń lò ló borí ìlànà àdáni, ohun tí yóò sì máa ṣẹlẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Ohun tí ẹ sọ nípa ìlànà àdáni yẹn, a fi ojú rí i níbí láàárín GSM àti CDMA, ìlànà fóònù mìíràn tó bá a díje, láìtilẹ̀ dárúkọ sátẹ́láìtì. Ìdí òwò ìpè ni mo jókòó tì ní Ọ̀ṣogbo ní gbogbo àkókò náà.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní mọ̀ pé nígbà tí a wọ ọdún 2001, láyé NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ a ti ju 100 mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ta àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá kàn sọ pé òun ti dé ilé, tó sì pa fóònù, ìṣẹ́jú kan gbáko ni yóò san, àfi ìgbà tí Globacom dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003 tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó.

Àárín ìgbà yẹn ni àwọn oní-CDMA ń jà fitafita: Starcomms, Multi-Links, Reltel, lẹ́yìn náà Visafone ní ọdún 2007. Ká sọ òtítọ́, ohùn wọn mọ́ kedere, íntánẹ́ẹ̀tì wọn yá ju ti GSM ìgbà náà lọ, owó wọn sì rọjú. Lórí tábìlì mi, lábẹ́ agboòrùn, fóònù CDMA ńlá kan ló máa ń wà, irú èyí tó rí bíi fóònù ọ́fíìsì, tó ní eriali lẹ́yìn. Òun ni mo fi ń pe nọ́ńbà fún àwọn èrò, tí mo ń wo aago ọwọ́ mi láti ka ìṣẹ́jú, nígbà tí àwọn mìíràn tò sẹ́yìn tí wọ́n mú bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí dání.

Síbẹ̀, bí àwọn èrò kan náà bá rí owó ra fóònù ti ara wọn, GSM ni wọ́n ń rà. Síìmù ló fà á. Ẹni tó ní síìmù GSM, bí fóònù rẹ̀ bá já sínú omi, á yọ síìmù, á kì í bọ inú fóònù àlòkù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bọ̀ láti Dùbáì, ó parí. Ní ti CDMA ìgbà náà, inú ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n kọ nọ́ńbà ọ̀pọ̀ fóònù sí. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó tà á nìkan ni ènìyàn ti lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra fóònù wá tà, GSM ló kún ibẹ̀, torí pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Bí àwọn oní-CDMA ṣe ń kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. MTN ra Visafone ní ìparí ọdún 2015, ó sì lo ìgbì 800 MHz tó bá lọ́wọ́ rẹ̀ fún 4G. Kódà ní Amẹ́ríkà, níbi tí Qualcomm ti bí CDMA, Verizon pa tirẹ̀ nígbà tí ọdún 2022 parí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dára ni. Kò rí ẹni púpọ̀ bá a rìn ni.

Atukọ̀ Apápá

Ẹ dákun, ẹ má tíì sin sátẹ́láìtì o. Orí òkun ni mo ti ń jẹun, níbẹ̀ sì rèé, kò sí òpó tí ẹnikẹ́ni lè rì sínú ibú.

Inmarsat ni àwọn orílẹ̀-èdè jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 kí ọkọ̀ tó bá wà nínú ewu lè rí ẹni ké pè. Ibi tí sátẹ́láìtì rẹ̀ wà jìnnà tó 35,786 kìlómítà sí ilẹ̀, ní òkè ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí ó ti ń bá ayé yí tí kò fi kúrò lójú kan. Ẹ ó sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó dákẹ́, nítorí pé ohùn yín gbọ́dọ̀ gòkè lọ kó sì padà wálẹ̀. Ìdáhùn kò lè dé etí yín kí nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò máa ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ti Iridium yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ó sún mọ́ ilẹ̀, àmọ́ sátẹ́láìtì kan kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lókè orí yín tí yóò fi fà yín lé èkejì lọ́wọ́. Ẹ ó jáde sí gbangba, ẹ ó na eriali rẹ̀ tó nípọn sókè, ẹ ó dúró títí tí yóò fi kọ ọ́ sójú pé òun ti rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí ẹ bá ti wọ abẹ́ òrùlé irin báyìí, ohùn á já.

Iridium tí Ẹnjiníà ní gbèsè bò mọ́lẹ̀ yẹn kò kú. Ní ìparí ọdún 2000, àwọn olówò kan ra gbogbo rẹ̀ ní 25 mílíọ̀nù dọ́là péré, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sì bá wọn ṣe àdéhùn láti máa lò ó. Láàárín ọdún 2017 sí 2019 ni wọ́n fi àwọn tuntun rọ́pò sátẹ́láìtì àtijọ́, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà orí òkun sì ti fi ọwọ́ sí i fún ìpè ewu. Ọjà tó tóbi ju agbára wọn lọ ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sùn. Nígbà tí wọ́n gbà láti sin ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn, àwọn atukọ̀, awakọ̀ òfuurufú, ológun, àwọn tó ń wa epo, iṣẹ́ wọn gún.

Àkànní Kétu

Láti Kétu, ní Benin, ni mo ti ń kọ̀wé. Mo kàn fẹ́ rán yín létí pé òpó náà kò dá dúró. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, já ní ìtòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó kan àwa níbí, ó kan yín náà, tí báńkì kò lè ṣiṣẹ́. Gbogbo òpó ló dúró digbí ní ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ní àwo Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì ti iléeṣẹ́ SpaceX, lórí òrùlé rẹ̀ kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún ìṣírò.

Ọmọ Ṣakí

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ẹnjiníà, ohun kan ṣì rú mi lójú. Bí sátẹ́láìtì kan kò bá lè gbé ju ìpè 1,100 lọ, tí fóònù rẹ̀ sì nílò eriali ńlá àti gbangba, báwo ni fóònù lásán tí mo ń tà ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?

Ẹnjiníà Òpó

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn oníbàárà yín kan ti máa sọ̀rọ̀ gba ojú sánmà kọjá láìmọ̀. Ní àwọn abúlé kan tí okùn fáíbà kò dé, tí òkè sì dí òpó kan lójú kí ó má lè rí èkejì, àwo sátẹ́láìtì ni a ń gbé sí ẹsẹ̀ òpó. Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ ó rí òpó kúkúrú kan, páńẹ́lì tó ń gba agbára oòrùn, bátìrì nínú àpótí irin tí a tì pa, àti àwo funfun tó kọjú sí ibì kan pàtó ní sánmà. Fóònù ń bá òpó sọ̀rọ̀, òpó ń gba ara àwo bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pe ẹnì kan ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà.

Èyí tí wọ́n ń pariwo báyìí fẹ́ yọ òpó kúrò láàárín. Ìṣòro rẹ̀ ni pé agbára tí fóònù lásán fi ń sọ̀rọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì lọ. Kí sátẹ́láìtì tó lè gbọ́ irú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, eriali rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi gan-an, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Iléeṣẹ́ AST SpaceMobile gba ọ̀nà àkọ́kọ́: sátẹ́láìtì BlueWalker 3 tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ní eriali tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 64, nípasẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n fi fóònù lásán pe Japan láti Texas ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. SpaceX mú ọ̀nà kejì: àwọn sátẹ́láìtì Starlink tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wà ní nǹkan bí 360 kìlómítà sókè, kò tó ìdajì ibi tí Iridium wà.

Ibi tí ìlànà ti wọlé nìyí. Ìgbì tí wọ́n fi ń ṣe é, ti iléeṣẹ́ fóònù orí ilẹ̀ ni; SpaceX ń lo ti T-Mobile ní Amẹ́ríkà, AST sì lo ti AT&T. LTE, ìyẹn ìlànà 4G tó wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀, ni sátẹ́láìtì náà ń lò, tí fóònù fi rò pé òpó kan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Bákan náà, 3GPP, ìyẹn àjọ tó ń kọ ìlànà 4G àti 5G fún gbogbo ayé, fi sátẹ́láìtì sínú ìlànà rẹ̀ ní ọdún 2022, nínú èyí tí wọ́n pè ní Release 17. Ìdíje àtijọ́ parí síbẹ̀ lójú tèmi: sátẹ́láìtì kò bá ìlànà fóònù du ipò mọ́, ó ti wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé Airtel Africa kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 pé òun àti SpaceX yóò jọ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè 14, tí wọ́n ní ó di ọwọ́ àṣẹ ìjọba ibẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé onísátẹ́láìtì kò lè dá wọlé láìsí olóòpó.

Àmọ́ ìṣòro èrò púpọ̀ kò tíì kúrò. Agbègbè tí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ń tan ìgbì sí ṣì gbòòrò, gbogbo fóònù tó wà nínú rẹ̀ ló sì máa pín ìwọ̀nba ìgbì kan. Ó tó fún àtẹ̀jíṣẹ́ láti inú igbó. Kò tó fún Dùgbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.

Ará Houston

Mo lè jẹ́rìí sí èyí láti ibi tí mo wà. Apple wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wọ fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, nínú iPhone 14, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, sátẹ́láìtì Globalstar tó ti jẹ gbèsè rí yẹn sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìpè ewu nìkan ló wà fún nígbà náà. T-Mobile ṣí tirẹ̀ pẹ̀lú Starlink fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Keje ọdún 2025.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sí ọgbà Big Bend ní ìwọ̀-oòrùn Texas, níbi tí kò ti sí òpó ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àmì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kú pátápátá, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni fóònù kọ ọ́ sójú pé sátẹ́láìtì ni òun wà lórí rẹ̀. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta. Kò lọ lójú ẹsẹ̀. Ó dúró, ó tún gbìyànjú, ó lọ, ìdáhùn màmá sì wọlé kí a tó dé ibi tí a ń lọ. Fídíò kò ṣeé wò, n kò sì gbìyànjú láti pè. Ẹni tí ó bá ń retí ohun tó ń rí gbà ní àárín ìlú, inú rẹ̀ kò ní dùn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sínú aṣálẹ̀ yóò dúpẹ́ gidigidi.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ ààbò ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, apá ibi tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn sì ni tòfin.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí ìjọba kéde ìlú-kò-fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì GSM níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Boko Haram fúnra wọn ti dáná sun ọ̀pọ̀ òpó ní ìhà àríwá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Fóònù Thuraya ni àwọn apániláyà ń lò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwọn ológun fòfin de lílò àti títà rẹ̀ ní Borno. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù sátẹ́láìtì gidi, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin ibi tí ó ń lọ sọ. Bí ènìyàn bá gbé Thuraya tàbí Iridium wọ India láìgba àṣẹ, wọ́n lè tì í mọ́lé.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé orí ilẹ̀ wa ni òpó wà, abẹ́ òfin wa ló sì wà. Bí ààbò ìlú bá béèrè pé kí a pa á, a lè pa á. Sátẹ́láìtì tí iléeṣẹ́ òkèèrè ń darí kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì kọ mí lóminú.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Bàbá, ẹ máa bínú sí mi, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún ìlú, àmọ́ n kò lè fara mọ́ apá tó kẹ́yìn yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Ará ìlú tí kò gbébọn, tí aboyún rẹ̀ ń rọbí lóru, tí agbébọn sì ń bọ̀ lọ́nà abúlé rẹ̀, ta ni yóò pè? Ohun tí a lè pa nígbà tí a bá fẹ́, àwọn tí kò ṣẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá wà láti òkè tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpè ewu lè máa gbà kọjá nígbà gbogbo, kódà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá wà ní pípa, ó yẹ kí òfin dáàbò bò ó ni.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ìpè ewu nìkan, tí NCC sì kọ ọ́ sínú àṣẹ tí yóò fún wọn, n kò ní ta kò ó.

Ẹnjiníà Òpó

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó dára kí NCC ti ronú sí i kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, torí pé nígbà tí iléeṣẹ́ bá ti ní mílíọ̀nù oníbàárà tán, òfin tuntun kì í rọrùn láti fi lé wọn lọ́wọ́.

Ọmọ Ṣakí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa sọ fún àwọn àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n má tìtorí sátẹ́láìtì gbàgbé láti béèrè òpó. Àjọ kan wà lábẹ́ òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 tí wọ́n ń pè ní USPF, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé ibi tí iléeṣẹ́ kò ti rí èrè. Òpó kúkúrú tó ń lo agbára oòrùn, tí kò nílò dísù àti jẹnẹrétọ̀, owó rẹ̀ kò tó ti òpó ńlá. Bí àwọn abúlé tó wà ní ẹ̀bá igbó yẹn bá pa ohùn pọ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú wọn. Dísù ló ń pa wá ní ẹnu iṣẹ́ yìí. Òpó tó wà lọ́nà jíjìn, bí ọkọ̀ tó ń gbé dísù kò bá débẹ̀, ó dákẹ́ nìyẹn, ará abúlé á sì máa rò pé iléeṣẹ́ kò ka àwọn sí.

Ọmọ Ṣakí

Ó yé mi dáadáa báyìí, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san rere. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, nítorí bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú. Bí iṣẹ́ Airtel àti SpaceX yẹn bá dé Nàìjíríà, ṣé yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Ẹnjiníà Òpó

Rárá, àwọn onítọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ 2G nìkan kò ní lè lò ó, nítorí LTE ni àwọn sátẹ́láìtì náà ń lò, 2G kò sì lè gbọ́ ọ. Fóònù tó ní 4G ni yóò ṣiṣẹ́, èyí tí iléeṣẹ́ náà bá sì fọwọ́ sí. Bí oníbàárà bá ti fẹ́ pààrọ̀ fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè gbà á nímọ̀ràn pé kí ó mú èyí tó ní 4G, èyí tí kò wọ́n lára wọn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó tó yẹ kó fi ra ajílẹ̀ ra á nítorí ohun tí kò tíì dé. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé abẹ́ igi tó bo ojú sánmà kò dára fún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ jáde sí ojú ebè, níbi tí òkè wà ní gbangba, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ kí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán tó lọ.